Bàtà Lẹ́sẹ̀ Òkè Iyanrìn

Bàtà náà ni Kọ́pọ́ràlì Ládépọ̀ kọ́kọ́ gbé sórí tábìlì. Lẹ́yìn náà ló gbé kẹ́ẹ̀gì omi kan tì í, ó sì sún sẹ́yìn bí ẹni tó pàtẹ ọjà tó dá a lójú pé yóò tà.

"Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì Ògúnbíyìí ni mo ti fà wọ́n yọ, màdáàmù. Ó fi àpò sìmẹ́ǹtì bò wọ́n mọ́lẹ̀. Ẹni tí kò pààyàn, kí ló ń fi bàtà olóògbé pamọ́ sí?"

"Ta ló sọ fún ọ pé olóògbé ni?" Ìnsípẹ́kítọ̀ Fọláyẹmí Bánkọ́lé bi í.

"Hẹn, màdáàmù. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó."

Ó ti ń wò ó. Fọláyẹmí kì í ṣe obìnrin tí í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ alẹ́ ló ti kàwé, lẹ́yìn iṣẹ́ ọ̀sán, nígbà tí oorun bá ti ń ti ìpéǹpéjú pa. Ibẹ̀ ló ti mọ̀ pé ohun tí ojú bá kánjú kà, dandan ni kí ojú padà wá tún un kà. Ó gbé bàtà ọ̀tún, ó tẹ̀ ẹ́ síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé.

"Wá wo inú ẹ̀."

"Ìbọ̀sẹ̀ ni, màdáàmù."

"Báwo ló ṣe wà?"

"Wọ́n ká a."

"Wọ́n ká a. Ọ̀tún wà nínú ọ̀tún, òsì wà nínú òsì. Ó tú okùn bàtà kó tó bọ́ ọ. Ẹni tí wọ́n fẹ́ pa kì í ráyè ká ìbọ̀sẹ̀, Ládépọ̀."

"Ó lè jẹ́ Ògúnbíyìí ló ká a."

"Ìwọ lo tú yàrá rẹ̀. Ṣé ẹni tí í ká nǹkan ni?"

Ládépọ̀ rántí yàrá tó ti ń bọ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. "Rárá o. Ilé adìẹ ní láárí jù ú lọ."

Fọláyẹmí kò bá a rẹ́rìn-ín. Ó ti gbé kẹ́ẹ̀gì náà, ó ń gbọ̀n ọ́n. Omi kún inú rẹ̀ dé ọrùn. Rọ́bà tí wọ́n gé lára tíúbù kẹ̀kẹ́ ni wọ́n fi so ìdérí rẹ̀, wọ́n so ó yípo-yípo, kò sì sẹ́ni tó tíì tú u. Nínú ohun gbogbo tó wà lórí tábìlì náà, omi yẹn ló bà á lọ́kàn jẹ́ jù, kò sì tíì mọ ìdí rẹ̀.

Ọdún 1988 ni, nígbà tí ìsinmi Àjíǹde ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tí Lẹ́ńtì kò sì tíì parí. Èèyàn mẹ́rin ló wọ bọ́ọ̀sì Ògúnbíyìí ní Ìyànà Ìbà, tí wọ́n forí lé Òkè Ọya, títí dé ẹ̀bá ààlà ilẹ̀ Niger, níbi tí igi ti tán tí iyanrìn ti bẹ̀rẹ̀. Wọn kò lọ ṣòwò. Wọ́n fẹ́ fi ẹsẹ̀ rìn nínú aṣálẹ̀, kí wọ́n sì fojú ara wọn rí àwọn ẹranko tí ìjọba dá ilẹ̀ sí fún níbẹ̀. Tíṣà Ọmọ́tọ́ṣọ́, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní bayọ́lọ́jì nítòsí bárékè Ọ̀jọ́, ló dá ìrìn náà sílẹ̀. Sístà Victoria, aránṣọ, tẹ̀ lé e. Ògúnbíyìí ló wakọ̀. Ìjọ aláṣọ funfun kan náà ní Ìbà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń lọ. Ẹnì kẹrin wọn ni Bàṣírù Àkànjí, Mùsùlùmí, ọmọ Ṣakí, tó ń tún kámẹ́rà ṣe ní Ọjà Àlàbá. Tíṣà ló bẹ̀ ẹ́ pé kó wá bá wọn ya fọ́tò.

Mẹ́rin ló lọ. Mẹ́ta ló dé.

Ohun kan náà sì ni àwọn mẹ́ta tó dé wí ní àgọ́ ọlọ́pàá Òkokomáìkò. Wọ́n ní Bàṣírù lọ gbàdúrà lórí òkè, kò sì padà wá. Ọ̀gá àgọ́ fi ẹ̀rín dá wọn lóhùn. Mùsùlùmí, àdúrà orí òkè? Irọ́ tí wọ́n jọ hun ni. Sístà Victoria ti jẹ́wọ́ pé awakọ̀ àti Bàṣírù jà lọ́nà nítorí sìgá. Ògúnbíyìí ti wà ní àhámọ́. Bàtà ti wá yọ. Ọ̀gá fẹ́ kí ẹ̀sùn ìpànìyàn jáde kó tó di ọjọ́ Ajé.

Ohun tó ń rú Fọláyẹmí lójú ni pé irọ́ náà kò dára tó. Ẹni mẹ́ta tó gbọ́n débi pé wọ́n pààyàn tí wọ́n sì fẹnu kò, ṣé wọn kò rí irọ́ mìíràn pa mọ́ Mùsùlùmí ju àdúrà aládùúrà lọ? Wọn ì bá ní ó ṣìnà. Wọn ì bá ní ìkookò gbé e. Irọ́ tí kò bá ẹni tí a pa á mọ́ mu rárá, ó jọ pé kì í ṣe irọ́.

"Ṣùgbọ́n kì í ṣe òótọ́ náà," ó sọ ọ́ jáde.

"Màdáàmù?"

"Gbé bàtà yẹn. À ń lọ sọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀."

*

Ìdí àdògán ni wọ́n bá Mùsítúrà, ìyàwó Bàṣírù, lẹ́yìn ilé. Ó rí ohun tó wà lọ́wọ́ Ládépọ̀, ó dìde, ó tún jókòó.

"Bàtà Bàbá Fáòsíátù nìyẹn," ó ní. "Ẹsẹ̀ dà?"

Àkànní, ẹ̀gbọ́n Bàṣírù, tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó ń fi pákò rin eyín, ló já sí ọ̀rọ̀ náà.

"Ọ̀gá ọlọ́pàá, ẹ má jẹ́ kó dá yín lágara. Mo ti bá a sọ ọ́ títí. Àbúrò mi ti fẹ́ ìyàwó sí Òkè Ọya. Kámẹ́rà dà? Ó gbé e lọ. Ọkùnrin tó bá gbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dání, ó ti kó lọ nìyẹn."

"Ó kó lọ láìwọ bàtà?" Fọláyẹmí bi í.

Àkànní yọ pákò lẹ́nu. "Ìyàwó tuntun á ra òmíràn fún un."

"Bùọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́," Mùsítúrà ní. "Ẹ jọ̀ọ́."

Fọláyẹmí fa àpótí kan, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin náà. Ọbẹ̀ ẹ̀gúsí wà lórí iná, ó pọ̀ ju oúnjẹ ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ kan lọ.

"Ìyá Fáòsíátù, ṣé ọkọ yín máa ń bá àwọn aládùúrà lọ sórí òkè?"

"Orí òkè?" Ìgbakọ dúró lọ́wọ́ Mùsítúrà. "Bó ṣe máa ń sọ ọ́ gan-an nìyẹn."

"Kí ló máa ń sọ?"

"'Mò ń lọ sórí òkè, mò ń bọ̀.' Ṣakí ni wọ́n bí i sí, màdáàmù. Òkúta ló yí ilé wọn ká. Bí a bá lọ sílé fún Iléyá, kó tó gba omi mu, ó ti ń gun òkè lọ. Á ní òun fẹ́ wo bí ilẹ̀ ṣe rí láti òkè. Á bọ́ bàtà sílẹ̀, á ká ìbọ̀sẹ̀ sínú ẹ̀. Á ní ọmọ òkè kì í wọ bàtà gun òkè."

Ládépọ̀ wo bàtà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì rọra gbé e sílẹ̀ bí ohun tó lè fọ́.

"Ṣé ó máa ń gbàdúrà níbẹ̀?"

"Àdúrà bí i ti báwo? Sìgá ló máa ń lọ fà."

"Òótọ́ ni," Àkànní wí, ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀. "Bàbá wa kò fẹ́ gbóòórùn sìgá nílé. Orí òkè lèmi náà ti kọ́ ọ."

Nígbà tí wọ́n dìde, Mùsítúrà sìn wọ́n dé ojú títì.

"Màdáàmù, ohun kan ni mò ń bẹ̀ yín fún. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni mò ń dáná dè é. Bó bá ti kú, ẹ sọ fún mi, kí n wọlé opó. Bó bá fẹ́ ìyàwó, ẹ sọ fún mi, kí n ráyè bínú. Èyí tí mo wà nínú ẹ̀ yìí, kò lórúkọ."

"Màá padà wá," Fọláyẹmí ní.

"Bí òun náà ṣe wí nìyẹn."

*

Inú kíláàsì òfìfo ni Tíṣà Ọmọ́tọ́ṣọ́ wà. Ọmọ́tọ́ṣọ́ ga, èjìká rẹ̀ sì ti rọ̀ sílẹ̀. Àwòrán ògòǹgò kan wà lára ògiri lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n fà á ya nínú ìwé, wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, igun rẹ̀ kan sì ti ń ṣí.

"Ẹ rí i?" Fọláyẹmí nawọ́ sí àwòrán náà.

"A rí i." Ojú Tíṣà là fún ìgbà díẹ̀. "Odidi agbo. Wọ́n ń sáré lórí iyanrìn, ìyẹ́ wọn ń fẹ́ lẹ́lẹ́ bí aṣọ ìjọ wa. A rí egbin. A rí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kékeré kan tí etí rẹ̀ tóbi ju orí rẹ̀ lọ. Láti ìgbà tí mo ti di tíṣà ni mo ti ń ya wọ́n sójú pátákó fáwọn ọmọ, mi ò rí wọn rí. Ní báyìí, bí mo bá dé orí ẹ̀kọ́ yẹn, mo máa ń fò ó."

"Tíṣà, ẹ sọ ọ̀rọ̀ tí Bàṣírù sọ kó tó lọ fún mi. Mi ò fẹ́ ìtumọ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà gan-an ni mo fẹ́."

"Ó ní òun ń lọ gbàdúrà..."

"Ṣé ẹnu rẹ̀ lẹ ti gbọ́ 'àdúrà'?"

Tíṣà wo ilẹ̀, ó wo àjà. Ọkùnrin tó ti ń bi ọmọ léèrè ọ̀rọ̀ láti ìgbà pípẹ́ ni, ó mọ ohun tí wọ́n ń bi í.

"Ó ní, 'Mò ń lọ sórí òkè. Ẹ má dúró dè mí.'"

"'Àdúrà' dà níbẹ̀?"

"Màdáàmù, bí èèyàn bá ní òun ń lọ sórí òkè..."

"Nínú ìjọ yín."

"Nínú ìjọ wa, kí ló tún lè jẹ́? Inú ààwẹ̀ Lẹ́ńtì la wà. Ó bọ́ bàtà sẹ́sẹ̀ òkè iyanrìn náà, bí àwa pẹ̀lú ṣe máa ń bọ́ ọ ní ibi mímọ́. Ó fi omi rẹ̀ sílẹ̀. Ààwẹ̀ gbígbẹ nìyẹn. Kí ni mo tún fẹ́ béèrè?"

"Ẹ kò rántí pé Mùsùlùmí ni?"

"A rántí." Ohùn Tíṣà lọ sílẹ̀. "Ìdí tí inú wa fi dùn nìyẹn. A ní Ọlọ́run ti pè é."

Afẹ́fẹ́ gba ojú fèrèsé wọlé, àwòrán ògòǹgò náà ń lù lára ògiri. Fọláyẹmí jẹ́ kó lù tán.

"Ó gun òkè kó lè rí ilẹ̀, Tíṣà. Ó fẹ́ ya fọ́tò àwọn ògòǹgò yín láti òkè. Kẹ́ẹ̀gì omi náà wúwo, ó sì rò pé òun kò ní pẹ́. Ìgbà wo lẹ tó wá a?"

"Ẹni tó bá wà lórí òkè, a kì í pè é. A rìn lọ wo ẹranko, a padà wá sídìí ọkọ̀, a dúró. Àárọ̀ ọjọ́ kejì la tó gòkè. Afẹ́fẹ́ ti fẹ́ mọ́jú. Ìhà kejì òkè náà jìn bíi kànga, iyanrìn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń ṣàn wálẹ̀ bí omi. Kò sí ipa ẹsẹ̀. A sáré pe àwọn ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣọ́ ilẹ̀ ẹranko náà, wọ́n gun ràkúnmí wá a káàkiri títí ó fi sú wọn."

Nígbà tí wọ́n jáde, Ládépọ̀ mí kanlẹ̀. "Kò sẹ́ni tó pa á nígbà náà, màdáàmù. Ó bọ́ sínú kòtò."

"Bóyá. Ó lè ṣẹ́ lẹ́sẹ̀. Ejò lè bù ú jẹ. Ṣùgbọ́n èèyàn tó ṣèṣe kì í dákẹ́, Ládépọ̀. Wọ́n wà nísàlẹ̀ níbẹ̀ láti ọ̀sán títí ilẹ̀ fi ṣú. Kí ni wọ́n gbọ́?"

*

Ìyànà Ìbà ń pariwo bó ṣe máa ń ṣe. Nínú ṣọ́ọ̀bù pákó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ni Sístà Victoria ti ń wa ẹ̀rọ ìránṣọ, aṣọ funfun ìjọ wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ṣé a gbọ́ ohùn rẹ̀?" Ó dá ẹ̀rọ dúró. "A gbọ́ ọ dáadáa! Ha, màdáàmù, ọkùnrin yẹn mọ àdúrà í gbà. Látìgbà tí a ti dé láti ìrìn ọ̀sán títí oòrùn fi ń wọ̀. Mo tiẹ̀ ń fi Tíṣà ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní, ẹ wo Àlàájì tó ń fi iná gbàdúrà ju ẹ̀yin àgbà ìjọ lọ!"

"Kí lẹ wá ń ṣe nísàlẹ̀?"

"À ń ṣe Àmín. Bó bá ti ké, a ó ṣe Àmín. Mo dá orin lé e pàápàá, kó lè mọ̀ pé a wà lẹ́yìn òun."

Ládépọ̀ yí ojú sí títì.

"Sístà," Fọláyẹmí ní, "ẹ bá mi ké e bó ṣe ké e."

"Níhìn-ín?" Victoria rẹ́rìn-ín ìtìjú. "Ẹ fẹ́ kí wọ́n ní mo ti ya wèrè?"

"Ẹ jọ̀ọ́. Bẹ́ẹ ṣe gbọ́ ọ gan-an."

Victoria gbé aṣọ funfun kúrò lẹ́sẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì ká ẹnu. "Ẹ gbà mí o!" ó ké. "Ẹ gbà mí o! Ẹ gbà mí!"

Kó tó ké e lẹ́ẹ̀kẹta, obìnrin tó ń ta ẹ̀pà níwájú ti ju àtẹ nù, ó ti dé ẹnu ọ̀nà. Fọkanáísà kan gbé òòlù rẹ̀ dání tẹ̀ lé e. Kọ̀ǹdọ́kítọ̀ kan bẹ́ sílẹ̀ lára ọkọ̀ tí kò tíì dúró. "Kí ló dé? Sístà, kí ló ṣe yín? Ta ni? Ibo ló gbà?"

"Kò sí nǹkan," Victoria ní, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń juwọ́ sí wọn. "Kò sí nǹkan o, ẹ má bínú. Àdúrà ni mò ń..."

Ó wo ojú àwọn tó sáré wá. Ó wo òòlù tó wà lọ́wọ́ fọkanáísà. Ó wo ẹ̀pà tó fọ́n ká ilẹ̀. Ẹ̀rín náà wà lẹ́nu rẹ̀ síbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sóhun tó dì í mú mọ́.

Fọláyẹmí dúró dìgbà tí àwọn èèyàn túká, tí wọ́n ń kùn lọ.

"Ta ni Bàṣírù ń pè ní 'ẹ', Sístà?"

"A máa ń... a máa ń kọ ọ́ lórin náà. 'Ẹ ṣé, Baba.' A máa ń bọlá fún un."

"Ìgbà ọpẹ́ nìyẹn. Bí ewu bá dé bá yín, kí lẹ máa ń wí fún Ọlọ́run?"

"'Gbà mí,'" Victoria ní. Ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun lọ. "'Olúwa, gbà mí.'"

"'Gbà mí' ni ti Ọlọ́run. 'Ẹ gbà mí', ọmọ aráyé là ń ké e sí."

Victoria fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ, kò sì sí aṣọ lábẹ́ abẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nísàlẹ̀. "Mo gberin fún un," ó ní. "Màdáàmù, mo gberin."

Wọ́n ní àgbọ́ìgbọ́tán Ègùn ní í dá ìjà sílẹ̀. Kò sí Ègùn kankan nínú bọ́ọ̀sì yẹn. Yorùbá ni gbogbo wọn, etí wọn sì gbọ́ ọ̀rọ̀ náà délẹ̀délẹ̀.

*

Ohun kan ló kù: kẹ́ẹ̀gì. Fọláyẹmí gbé e lọ sí àhámọ́ fúnra rẹ̀, ó gbé e sílẹ̀ níwájú Ògúnbíyìí.

Ògúnbíyìí sanra, ọrùn rẹ̀ kúrú, irùngbọ̀n tí kò ráyè fá ti bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Bó ṣe rí omi náà, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri.

"Ẹ gbé e kúrò níwájú mi."

"Tíṣà ní ẹsẹ̀ òkè ni Bàṣírù fi í sí. Báwo ló ṣe dé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ?"

"Èmi kọ́ ni mo pa á."

"Mo mọ̀. Mo mọ ohun tó ní òun ń lọ ṣe, mo mọ ohun tó ké. Mi ò mọ ti omi yìí."

Awakọ̀ náà ń wo kẹ́ẹ̀gì náà. Ẹlẹ́wọ̀n kan ń húkọ́ nínú yàrá kejì.

"Ọ̀rọ̀ sìgá yẹn," ó ní níkẹyìn. "Mo bú u. Mo ní kò gbọdọ̀ fi èéfín bà mí lọ́kọ̀ jẹ́, ọkọ̀ tí wọ́n ya sí mímọ́. Ó bú mi padà. Láti Jẹ́bà la ò ti bára wa sọ̀rọ̀ mọ́. Nígbà tó ní òun ń lọ sórí òkè, mo rò pé ó fẹ́ lọ ronú pìwà dà ni. Inú mi dùn, màdáàmù. Kí n má parọ́, inú mi dùn gan-an."

"Omi ń kọ́?"

"Ní ìrọ̀lẹ́, mo ní kí n lọ wò ó. Mo dé ẹsẹ̀ òkè, mo bá bàtà àti omi níbẹ̀. Mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ìhà kejì. Ó ti há. Kò sọ 'ẹ gbà mí' mọ́."

"Kí ló ń sọ?"

Ògúnbíyìí fi ọwọ́ bo ojú.

"Ògúnbíyìí, kí ló ń sọ?"

"Omi. Ó ń pe omi."

Ládépọ̀, tó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, sọ nǹkan kan tí kò yé ẹnikẹ́ni.

"Ẹ gbọ́ mi, màdáàmù! Ẹni tó bá ń gba ààwẹ̀ gbígbẹ máa ń pe omi. Ara ló ń pè é, kì í ṣe ẹ̀mí. Nígbà tí mo gba tèmi lórí òkè, èmi náà pè é. Mo sunkún. Wọn kò fún mi, wọ́n ní kí n borí. Nígbà tí mo parí, mo dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Mo ní kí n ṣe é lóore tí wọ́n ṣe mí. Mo gbé omi náà kúrò níbẹ̀, kó má baà sọ̀ kalẹ̀ wá bá a kó sì ba ààwẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Mo gbé bàtà rẹ̀ pẹ̀lú kí iyanrìn má bò ó. Mo sì ké sí i kí n tó lọ."

"Kí lo wí?"

Ó gbójú sókè, ojú rẹ̀ pọ́n bí epo.

"Mo ní Àmín."

Ọmọ kékeré ló máa ń ro pé bí òtítọ́ bá jáde, nǹkan á fúyẹ́. Fọláyẹmí kì í ṣe ọmọ kékeré. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì, ó jáde. Omi náà ń dún nínú rẹ̀ bó ṣe ń rìn.

*

"Ta ló ṣe é, Bánkọ́lé?" ọ̀gá àgọ́ béèrè, kálámù ti wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Fọláyẹmí sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ọ̀gá gbọ́ ọ tán, ó dé kálámù.

"Ẹ̀sùn wo ni mo fẹ́ fi kàn wọ́n nísinsìnyí? Pé wọ́n ṣe Àmín?"

"Mi ò mọ̀, sà."

"Kò sí òfin tó mọ orúkọ rẹ̀. Tú awakọ̀ yẹn sílẹ̀."

Wọ́n ṣí àhámọ́ fún Ògúnbíyìí. Ó jáde, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì àgọ́, kò sì lọ síbì kankan. Ibẹ̀ ni Fọláyẹmí fi í sílẹ̀ sí nígbà tí òun àti Ládépọ̀ padà lọ sọ́dọ̀ Mùsítúrà.

Iná ń jó. Obìnrin náà ń yí ẹ̀bà. Àkànní ṣì wà lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀. Fọláyẹmí kò jókòó lọ́tẹ̀ yìí.

"Kò fẹ́ ìyàwó kankan, Ìyá Fáòsíátù. Ó gun òkè lọ wo ilẹ̀, ó ṣèṣe, kò sì rí bí yóò ṣe sọ̀ kalẹ̀. Ẹ wọlé opó."

Mùsítúrà yọ ọwọ́ nínú ìkòkò ẹ̀bà. Ó nu ọ̀kọ̀ọ̀kan ìka rẹ̀ mọ́ ìró.

"Ṣé ó pariwo?"

Fọláyẹmí ti mọ̀ pé yóò béèrè. Lójú ọ̀nà, ó ti wá irọ́ kan tó dára sílẹ̀ de ìbéèrè yẹn. Ó wo obìnrin tó ń dáná fún ẹni tí kò ní jẹun mọ́, irọ́ náà sì kọ̀, kò jáde.

"Ó pariwo."

"Wọ́n gbọ́ ọ?"

"Wọ́n gbọ́ ọ."

"Wọn kò dá a lóhùn?"

"Wọ́n dá a lóhùn. Wọ́n rò pé àdúrà ló ń gbà. Wọ́n ní Àmín."

Mùsítúrà tún ọ̀rọ̀ náà sọ láìsí ohùn, ètè rẹ̀ nìkan ló gbé e. Ó bu omi nínú garawa, ó dà á sídìí àdògán. Iná kú, èéfín funfun bo gbogbo wọn lójú. Nígbà tí èéfín náà lọ, ó ti ń gbé ìkòkò ọbẹ̀ kalẹ̀, ó ń wá ìdérí rẹ̀.

Ládépọ̀ gbé bàtà àti kẹ́ẹ̀gì sẹ́bàá ògiri. Kò sẹ́ni tó béèrè ohun tó wà nínú kẹ́ẹ̀gì.

Àkànní ni ó dìde. Ọkùnrin tó ti ń fi ìyàwó tuntun dá àpárá láti ọ̀sẹ̀ yìí wá ṣí fìlà lórí, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, omijé ń bọ́ sórí pákò tó ṣì há mọ́ ìka rẹ̀. "Ọlọ́run á forí jì í," ó ní. "Ọlọ́run á fún un lómi mu níbi tó wà. Ọlọ́run á ṣíjú àánú wo ọmọ tó fi sílẹ̀."

Àdúrà náà parí. Ó dúró láàárín wọn, ó ń retí ohun tí àdúrà máa ń retí. Ládépọ̀ la ẹnu, ó wo Fọláyẹmí, ó pa á dé. Fọláyẹmí wo ilẹ̀. Mùsítúrà tẹ ìdérí mọ́ orí ìkòkò, kò yí ojú padà.

Kò sẹ́ni tó ṣe é.